Bùbú Mi àti Àtẹ́lẹwọ́ Ara Ògiri

Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn fọ́tò ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ní òun máa mú mi lọ sí erékùṣù kékeré kan ní Karibíà fún ọgọ́ta ọdún mi, bùbú márùn-ún ni mo kọ́kọ́ dì sínú báàgì kí n tó rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní Peckham, ọmọ erékùṣù yẹn gan-an ni wọ́n. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó, tí òtútù fẹ́ẹ̀ pa mí, àwọn ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá kanlẹ̀kùn mi. Dókítà ti ní kí wọ́n má wọ bàálù mọ́ nítorí ọkàn wọn. Bí Màmá ṣe gbọ́ pé à ń lọ, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní ilé òkúta gogoro kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ ìrèké láyé ẹrú. Nígbà tó fẹ́ wó, bàbá wọn, tó jẹ́ bíríkìlà, ló tún un ṣe, ló sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá náà ò ya fọ́tò rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn nìkan ló kù. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn ya fọ́tò rẹ̀ wá.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

A jayé ní erékùṣù yẹn! A gun òkè lọ sí ilé odi àtijọ́, níbi tí àwọn ìbọn ńlá ṣì dojú kọ òkun. Mo dúró níwájú ìbọn, ọmọ mi ya fọ́tò. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, ó tún yà á. Níbi omi tó ń hó jáde látinú ilẹ̀, mo pààrọ̀ bùbú kí n tó dúró. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí pé kí n kúrò níwájú nǹkan tí à ń yà. Mo bi í pé ta ni yóò gbà pé mo débẹ̀ bí wọn ò bá rí mi?

A dé ilé ìrèké. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ náà ní ọ̀gangan àyà mi, ìka márààrún pé. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, omi bọ́ lójú mi. Ni mo bá nu ojú, mo tún bùbú ṣe, mo dúró tì í, mo ní kí ọmọ mi máa yà á lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ti yọ sí wa, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó, mo ń kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni, wọ́n ju ìgbálẹ̀ nù, wọ́n sáré wá gbé mi dìde. Ọmọ mi sì ti yà á. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó pa fọ́tò yẹn rẹ́.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé, èmi àti ọmọ mi lọ sílé Màmá. Wọ́n ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì dè wá. Wọ́n nu awò ojú wọn lẹ́ẹ̀mejì. A ṣí fóònù. Èmi rèé. Èmi tún rèé. Atẹ́gùn ti fẹ bùbú mi bí àgọ́, ó bo ògiri pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ṣàpèjúwe ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Màmá kàn ní bùbú mi dára. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Ọmọ mi wá rọra ní, "Mọ́mì, mi ò pa ọ̀kan yẹn rẹ́ o."

Èmi rèé lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, ìdí mi dà bí àpò gàrí. Lókè orí mi, àtẹ́lẹwọ́ náà hàn kedere.

Màmá fọwọ́ kàn án, fóònù sì fò lọ sí fọ́tò mìíràn, ìbọn àti èmi. A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ mi dá a padà. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Ó kéré," wọ́n ní. "Ọwọ́ bàbá mi tóbi ju báyìí lọ."

Mo ní, "Kò kéré, Màmá. Mo gbé ọwọ́ tèmi sínú ẹ̀. Àyè ṣì kù."