Mẹ̀dínátù àti Igi Osè Tí Wọ́n Wọ̀n Lẹ́ẹ̀mẹta

Orúnkún ọ̀tún Mẹ̀dínátù ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Kí ọ̀kadà tó yà kúrò lójú títì Ìmẹ̀kọ, kí ẹnikẹ́ni tó sọ báàgì kalẹ̀ lójú àgbàlá rẹ̀, orúnkún yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, àfi bíi pé wọ́n ti sọ fún un pé ìrìn ti dé.

Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń mú àwọn oníwàádìí kiri Ìlárá. Kò sẹ́ni tó yàn án sí i. Ó kàn jẹ́ pé ó ka ìwé mẹ́fà nígbà èwe rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá ilé ìwé, ó gbọ́ ti ìlú rẹ̀, ó tún gbọ́ Faransé ọjà díẹ̀, ilé rẹ̀ sì wà létí ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè ọ̀nà. Ẹni kejì béèrè omi mímu. Nígbà tó máa fi di ẹni kẹta, wọ́n ti ń fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn.

Àwọn wo gan-an ni kò tíì wá? Ọkùnrin kan wá tó ń bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá, ọ̀rá tó tó igba, ó ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan wá tó ní kí wọ́n bá òun pe “ìgúnpá” sínú ẹ̀rọ, ogójì èèyàn ló pè é, tó fi jẹ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ àdúgbò fi ń kí ara wọn ní “ìgúnpá o!” Àwọn kan wá ka ẹ̀fọn. Ẹnì kan wá na ìyẹ́ àdán, ó wọ̀n ọ́n, ó sì tú u sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń sin àna rẹ̀ sọ́nà. Òmíràn fẹ́ gbọ́ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òmíràn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ogún nígbà tí ìyàwó bá jẹ́ ará òdì kejì bódà. Ẹni tó bá ń pe Ìlárá ní ìlú kékeré, kò tíì jókòó sẹ́nu ọ̀nà Mẹ̀dínátù rí ni. Ìmọ̀ ayé tó fẹ̀ tó báyìí, ẹnu ọ̀nà yẹn ló ń gbà kọjá, obìnrin kan ṣoṣo ló sì ń dá gbogbo wọn lóhùn, èyí tó ń ka kòkòrò àti èyí tó ń ka oríkì.

Nígbà tí àwọn tó ti wá rí bá ń rán àwọn tuntun wá, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún wọn: “Ohun tí Màmá yẹn bá ti sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.” Mẹ̀dínátù mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ara ríro, orúkọ yẹn nìkan ló rí kó jọ nínú gbogbo ìrìn náà. Òun ló sì fẹ́ fi sinmi, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe rírẹ̀ tí oorun ń wò.

Afeezat ló da ìsinmi náà rú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ayétòrò, tó ń ṣe ìwádìí ìkẹyìn lórí igi osè. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le lẹ́nu: ó wá igi osè mẹ́fà tí wọ́n mọ ọdún tí wọ́n gbìn wọ́n, ó ń fi téèpù wọn ìdí wọn yíká, kó lè mọ bí igi náà ṣe ń sanra sí lọ́dọọdún. Bó bá mọ ìyẹn, yóò lè mọ ọjọ́ orí osè yòówù tó bá bá pàdé láìjẹ́ pé ó gé e. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Igi márùn-ún gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Igi kẹfà kọ̀. Ìyẹn sì ni èyí tó wà lẹ́yìnkùlé Mẹ̀dínátù gan-an. Inú ìwé ìtàn ìlú ló ti kà á pé àwọn tó sá fún ogun Dàhọ̀mì ló gbìn ín, bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdí igi náà kò ju mítà márùn-ún lọ, ó ṣe déédéé pẹ̀lú ti ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbìn lọ́dún òmìnira, bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní kò mọ igi wọ̀n, kó padà lọ. Ó padà wá. Ọ̀gá ní téèpù rẹ̀ ló wọ́. Ó ra òmíràn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, ní ọ̀sán ọjọ́rú, oòrùn ń fọ́ni lórí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ ọ̀gá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mẹ̀dínátù di orí téèpù mú, Afeezat ń yí igi ká.

Roheemat, aládùúgbò tó ń sá gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, na ọrùn wò wọ́n. “Ìyá Oníwàádìí! Ẹ tún ń wọ̀n ọ́n? Ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ iléyá fún un ni?”

“Bùbá la fẹ́ rán,” ni Mẹ̀dínátù dá a lóhùn. “Ìwọ ni yóò ra aṣọ.”

“Háà, èmi kọ́ o! Ẹni tó nírú ìdí yẹn, ọ̀pá mélòó ni yóò tó o?”

Afeezat kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ka téèpù náà, nọ́ńbà kan náà ni. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbé ìwé rẹ̀ lé ẹsẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú rẹ̀ sórí ohun tó kọ.

“Màmá, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bóyá orí mi ni kò pé tó.”

Mẹ̀dínátù ń ká téèpù, ó sì ń ká a díẹ̀díẹ̀, kó lè ráyè ronú. Tó bá sọ̀rọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tó bá ọkùnrin tó ń bu ilẹ̀ sọ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ti obìnrin ìgúnpá? Orí orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dúró lé. Bí kò bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ yìí á padà sí Ayétòrò lọ gbà pé òun kò mọ igi wọ̀n. Láti àárọ̀ ni kò ti fẹ́ wo ojú Afeezat. Ó wò ó wàyí.

“Afeezat.”

“Mà.”

“Téèpù rẹ kò parọ́.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọ̀gá mi.”

“Gbọ́ mi ná. Téèpù kò parọ́. Èmi ni mo parọ́.”

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá ń rẹ òun lẹ́kún ni. Mẹ̀dínátù kò dúró dè é. Ó rọra jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ẹrù kalẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ ni. Oníwàádìí kan láti Ìbàdàn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé, tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ń wá ìtàn kiri. Òjò ti pa á, ó rin gbingbin. Gbogbo àgbà ló wà lóko lọ́jọ́ náà, ilé mẹ́sàn-án ló kàn tí kò bá ẹnì kan. Ó wá dúró sábẹ́ igi osè yìí, ó ní, “Ìyá, ta ló gbin igi ńlá yìí?”

“Mo mọ ẹni tó gbìn ín,” ni Mẹ̀dínátù wí fún Afeezat. “Bàbá ọkọ mi ni. Wọ́n jẹ èso osè bọ̀ láti ọjà Kétu, wọ́n ri kóró rẹ̀ síbí. Ọdún òmìnira ni, ọdún tí wọ́n bí Ìdírísù ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ó ní kí n dárúkọ. Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ? Títí dòní, mi ò pè é rí, lójú wọn tàbí lẹ́yìn wọn. Ni mo bá ní, ‘Àwọn àgbà ni.’ Ó ní, ‘Àgbà wo? Ìgbà wo?’ Mo wo iná pupa kékeré tó ń tàn lára ẹ̀rọ rẹ̀. Mo wo aṣọ rẹ̀ tó ń kán tótó. Kí n wá ní ọkùnrin kan jẹ èso lọ́nà ọjà, ó sì da kóró rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé ìyẹn ni kó gbé padà sí Ìbàdàn nínú òjò? Àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ni mo bá fi ogun kún un.”

“Ogun, Màmá?”

“Ogun Dàhọ̀mì. Mo ní àwọn tó sá àsálà ló rì í sílẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọ́n dó sí. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹlòmíràn kà á, ó tún kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Mo rò pé ìtàn ni, inú ìtàn ni yóò máa gbé. Èmi ò mọ̀ pé ẹni tó ń ka ìtàn àti ẹni tó ń wọn igi á pàdé níbì kan.”

Afeezat mú etí aṣọ rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó yọ bírò, ó ṣírò nǹkan wéréwéré, ojú rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán. “Ó bá a mu,” ló ń sọ fún ara rẹ̀. “Ó bá a mu pátápátá!” Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ Mẹ̀dínátù rí láti ọdún mọ́kànlélógún.

“Màmá, ta ló tún mọ̀ ọ́n?”

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ohùn ọmọ náà kò sì burú. Síbẹ̀ ó wọ Mẹ̀dínátù lára bí omi tútù.

“Ọmọ mi, èmi ló ń sọ fún ọ.”

“Mo mọ̀, Mà. Ọ̀gá mi máa béèrè ni. Ó yẹ kí n ní ẹlòmíràn... àti orúkọ bàbá náà.”

Wọ́n dìde. Ilé Bàbá Ọdẹkúnlé ni wọ́n gbà lọ, àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin, tó jẹ́ ọmọ àdúgbò náà gan-an. Ìrìn náà kò ju bí ilé mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n ó gùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Afeezat, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

“Ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìn ọjà yẹn, tí wọ́n kọ pé ibi ilé àgbẹ̀dẹ àtijọ́ ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́?”

“Èmi ni. Òótọ́ nìyẹn.”

“Ó dáa, Mà,” ni ọmọ náà wí. Ṣùgbọ́n ó fi bírò sàmì sí nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀.

Bàbá Ọdẹkúnlé jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń họ orógbó. “Bọ́ǹjúù, bọ́ǹjúù!” ló fi kí wọn bí àwọn Faransé, nítorí ọ̀nà Kétu ní òdì kejì bódà ló fi ṣòwò jẹun. Mẹ̀dínátù kúnlẹ̀, bàbá sì ní, “Ìyàwó, o tún ti kó wọn dé. Kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀n lára tèmi lónìí? Tó bá jẹ́ eyín ni, ó ku mẹ́ta.”

Afeezat kúnlẹ̀, ó kí bàbá dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Mẹ̀dínátù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró síta díẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé...”

“Mo mọ ohun tí wọ́n kọ́ yín,” ni Mẹ̀dínátù wí.

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ti máa ń lé ọkọ jáde kí ìyàwó lè sọ̀rọ̀, òun ló máa ń lé ìyálé jáde nítorí ìyàwó kékeré. Ó jáde, ó wá bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ fèrèsé, ó jókòó. Kò sí ọ̀rọ̀ oníwàádìí kan tí wọ́n ti sọ ní Ìlárá rí láìsí i níbẹ̀, kó máa túmọ̀, kó máa tún un ṣe. Báyìí, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Láti inú ilé, ohùn Bàbá Ọdẹkúnlé jáde, nítorí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀.

“Osè wo? Ti Bàrúwà? Bàrúwà alágídí ló gbìn ín, ta ni ì bá tún gbìn ín! Ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa. A fẹjọ́ sùn, ó ní kò burú, òun á gbin igi tí òun máa so ó mọ́. Ẹ gbà mí! Ewúrẹ́ ti wà láyé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin èèkàn rẹ̀! Kí igi tó tó èèkàn, a ti pa ewúrẹ́ yẹn fi sọmọ lórúkọ. Ìdírísù ni ọmọ náà ń jẹ́.”

Afeezat rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mẹ̀dínátù gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé. Kò gbọ́ ti ewúrẹ́ yẹn rí. Ogójì ọdún tó fi gbé ilé bàbá náà, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un, òun náà kò sì béèrè. Ìtàn náà dára ju ti ogun lọ.

Nígbà tí Afeezat jáde, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti dúpẹ́, ó dìde, ó sáré lọ bá ọ̀kadà kó lè bá mọ́tò Ayétòrò. Kò sọ ìgbà tó ń padà bọ̀.

Mẹ̀dínátù kò tíì dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá nọ́ńbà Oyèkúnlé, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e.

“Màmá wa! Ṣé kò sí nǹkan? Ẹ̀yin tí ẹ sọ mí dèèyàn! Ìtàn igi yẹn ni wọ́n ṣì fi ń mọ̀ mí títí dòní o.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìtàn náà ni mo tìtorí ẹ̀ pè.”

Ó sọ ọ́ tán pátá, kò fi ogun kún un. Ó sọ ti òjò, ti orúkọ tí kò lè pè, ti èso tí wọ́n jẹ lọ́nà ọjà, ti ewúrẹ́.

“Màmá,” ni Oyèkúnlé wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. “Ẹ jẹ́ kí n wá. Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Mo ti sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọn igi, ọmọ mi,” ni Mẹ̀dínátù wí. “Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.”