Ewúrẹ́ Tí Mi Ò Ní

Nígbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀fọ̀n, bí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń jáde láàárọ̀ lọ wo ìrì tó sẹ̀ sára ilé aláǹtakùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ó máa ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá gbáà ni! Nílùú yẹn, ẹni tí kò gbé ọkọ́, tí kò ru ẹrù, tó wá ń yọjú wo inú koríko, ewúrẹ́ rẹ̀ ló sọnù.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti rí i?" ni ìyá arúgbó tó múlé tì mí bi mí.

"Mò ń gbafẹ́ ni, Màmá."

"Nínú òtútù yìí? Ẹ má tijú."

Ló bá ké sí àdúgbò. Èèyàn dáadáa mà ni wọ́n o! Wọ́n fi igi tú gbogbo koríko náà, ilé aláǹtakùn kan ò ṣẹ́ kù. Nírọ̀lẹ́, wọ́n wọ́ ewúrẹ́ dúdú kan dé, wọn ò gbọ́ àlàyé kankan, wọ́n so ó sí ẹ̀yìnkùlé mi.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ín bá a níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń wo koríko, wọ́n á sáré lọ ka ewúrẹ́ tiwọn.