Dàbínù Gbígbóná ti Bùsàrí

Ọjọ́ tí eyín Lèmọ́mù já sínú kọ́ọ̀pù ni àwọn ará àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi ń rántí Bùsàrí títí dòní. Oṣù ààwẹ̀ ọdún 1974 ni. Bùsàrí, tó ń rán fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ti se dàbínù gbígbẹ pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, ó ń bù ú ní gbígbóná fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Morufat, ti bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ kóró inú rẹ̀ kúrò.

"Ta ní ń yọ egungun kó tó se ẹran?" ni Bùsàrí dáhùn. "Inú kóró lagbára wà!"

Lèmọ́mù mu ún, ó rún un lẹ́nu. Ìgbà tó máa tutọ́ sínú kọ́ọ̀pù, kóró kan àti eyín kan ló já bọ́. Ojú ti Àdìjátù débi pé ó fi ìborùn bojú. Àṣé eyín yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí bàbá náà rí oorun sùn láti oṣù tó kọjá.

"Alihamudulilahi," ni Lèmọ́mù wí, "ara tù mí."

Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Bùsàrí ti ń sọ kiri pé tìtorí eyín lòun ṣe fi kóró sílẹ̀.

Ó máa ń ní Mẹ́kà lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Bẹ́ẹ̀ kò kọjá Ìlọrin rí. Síkírù kàfíńtà, aládùúgbò wọn, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà wo lẹ dé Mẹ́kà?"

"Èmi ò débẹ̀, ṣùgbọ́n dàbínù ti débẹ̀. Òun ló sọ fún mi."

Nígbà tó gbọ́ pé Màmá Títílayọ̀ ní Pópó Àgùdà ń sọ pé kò sóhun mímu tó tó kọfí òun, ó fi atalẹ̀ kún atalẹ̀, ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó di Pópó Àgùdà. Àdìjátù ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Màmá fi kan ẹnu, òógùn bò ó.

"Bùsàrí, mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fadá títí, ara mi ò gbóná tó báyìí rí!"

"Ṣé ó ju kọfí lọ, Màmá?"

"Ó ju kọfí lọ. Ó ju iná lọ!"

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, "Ó ju kọfí lọ" nìkan ni Bùsàrí ń sọ fún àwọn tí wọ́n bá pàdé lọ́nà.

Ọdún 1978 ló kú, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Àdìjátù ní òun ò ní se dàbínù kankan. Wàhálà rẹ̀ ti sú òun. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ó wo ìta, ó rí àwọn aládùúgbò lójú àgbàlá, oníkálukú mú kọ́ọ̀pù dání. Àdìjátù dá iná.

Síkírù ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Ìyá Morufat, ó dùn. Ariwo Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àdìjátù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bu tirẹ̀, èyí tí kò ṣe rí nígbà ayé ọkọ rẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì mu ún tán.