Bàbá Inú Ẹ̀rọ Parí Ìjà Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò

Ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò fẹ́ jáde ni wọ́n bá Bàbá Inú Ẹ̀rọ, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwé kan, níbi tó ti ń bá kọ̀ǹpútà dúnàádúrà.

"Dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní pa ẹ́ títí di ọ̀la. Ó tì? Ó dáa, títí di ọ̀túnla!"

Àwọn òbí ti kún ọgbà ilé ìwé bámúbámú, wọ́n ń wo fóònù wọn, èsì ò yọjú.

Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni Bàbá kó kọ̀ǹpútà méjì tí kò lára sí. Ọ̀kan ń tọ́jú èsì, èkejì ń fi í han àwọn òbí. Ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan, ó da èkejì kọ láti ara rẹ̀, ó wá sọ wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ẹni tó bá wọlé tí kò kí wọn, Bàbá á ní kó jáde kó tún wọlé. Ọ̀gá ilé ìwé pàápàá ti jáde rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Ẹ̀gbọ́n bá bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Àbúrò á já. Bí Àbúrò bá padà dé, Ẹ̀gbọ́n á pòórá. Bàbá tú wáyà, ó nù ún, ó fẹnu fẹ́ ẹ. Ó tilẹ̀ bú wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ọ̀rọ̀ ò kàn rárá.

Tíṣà ìṣirò, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bẹ̀rẹ̀ wo sẹ́tíǹgì.

"Bàbá! Àdírẹ́ẹ̀sì kan náà lẹ fún àwọn méjèèjì!"

"Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Níbo lo fẹ́ kí wọ́n máa gbé?"

"Béèyàn bá kanlẹ̀kùn, àwọn méjèèjì ló ń sáré jáde! Wọ́n ń ti ara wọn ṣubú!"

"Ṣé kí n wá lé Àbúrò jáde nílé bàbá ẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òbí wà níta!"

Bàbá yí nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àdírẹ́ẹ̀sì Àbúrò padà, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kíá lèsì jáde, ariwo ayọ̀ sọ níta. Bàbá ò tiẹ̀ gbọ́, Àbúrò ló ń ṣìpẹ̀ fún: "Mi ò lé ẹ o. Yàrá kejì ni mo gbé ẹ sí." Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, ó ti ń ròyìn káàkiri pé òun parí ìjà ẹbí kan, àti pé tíṣà ìṣirò ló dá a sílẹ̀.

Kí èsì ọdún tó tẹ̀lé e tó jáde, Bàbá ti dolóògbé. Tíṣà ìṣirò ló jókòó sórí àga rẹ̀. Èrò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ló bá sáré da Àbúrò kọ kí ẹ̀kẹta lè ràn án lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì dàrú. Ó wo sẹ́tíǹgì, ó rí i pé òun náà ti kó ọmọ méjì sí àdírẹ́ẹ̀sì kan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárò àgbàlagbà yẹn sọ ọ́ gan-an.

Ó fún tuntun ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Ó ku orúkọ. Ó tẹ "Bàbá" sí i, èsì sì jáde.

Ọ̀gá ilé ìwé já wọlé. "Ṣé ó ti ṣiṣẹ́?" Ó rí orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó tún wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."