Ẹsẹ̀ Màmá Láyíwọlá

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Màmá Láyíwọlá láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹnonáìtì tó wà ní Arlington ní Texas, ọ̀rọ̀ abọ́ omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni, ọjọ́ tí àwọn Mẹnonáìtì máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn bí Jésù ṣe wẹ ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin á wẹ tobìnrin, ọkùnrin á wẹ tọkùnrin. Ẹnì kan á jókòó, ẹnì kejì á kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi àti táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn òyìnbó tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́ láìsí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n òyìnbó kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àgbà.

Wọ́n pín Màmá Láyíwọlá pọ̀ mọ́ Ìyá Gbéminíyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wá bá àwọn ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ní Texas. Ìyá Gbéminíyì gbé abọ́, ó kúnlẹ̀. Màmá Láyíwọlá náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde kí ẹ jókòó, mà," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ."

"Èmi kọ́ o. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó."

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí wọ́n bí yín."

Ẹ ò rí nǹkan. Ipò ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń du láyé. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo juni lọ á fẹ́ ká máa dọ̀bálẹ̀ kí òun. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá arúgbó méjì ń bá ara wọn du ipò àbúrò. Kò sí èyí tó ní ìwé ọjọ́ ìbí nínú wọn. Màmá ní ọdún tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìlú àwọn ni wọ́n bí òun. Ìyá Gbéminíyì ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, òun gbọ́ pé Màmá wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Pásítọ̀ wá bẹ̀ wọ́n, wọn ò tiẹ̀ wo ibi tó dúró sí. Omi tutù. Nígbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú abọ́ kan náà, kálukú wẹ ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, kò sí èyí tó lè dìde. Bí àwọn obìnrin ṣe pé lé wọn lórí láti gbé wọn, wọ́n ṣì ń jiyàn ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé.

Dérìntọ́ wà lára àwọn tó gbé wọn. Nọ́ọ̀sì ni, ní Mansfield, ìlú tó múlé ti Arlington, ló ń gbé. Òun ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé Màmá kiri, torí Màmá kò mọ mọ́tò wà, ọkọ̀ èrò gidi kò sì sí ní Arlington. Ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀, inú ilé ló máa jókòó sí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tó yá, Màmá kò pe Dérìntọ́ lórúkọ mọ́. "Ẹsẹ̀ mi" ló ń pè é. Bí ẹ bá ní kó wá bá yín gbàdúrà ní Wylie tó jìnnà, á ní, "Ẹsẹ̀ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti dé, á gbé mi wá."

Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tó ń sọ. Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í bó ṣe máa délé. Màmá fi gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ dá a lóhùn pé, "My leg is parking. She is coming." Dókítà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú rẹ̀, ó rọra jáde, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ wá. Sharon, ọmọ ọmọ Màmá, sáré tẹ̀ lé e. "She means Auntie Dérìntọ́," ló ń wí. "She's our ride." Wọ́n ṣáà ya orí náà. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní ẹni tó bá tún ń ṣiyèméjì pé orí òun pé, kó lọ wo fọ́tò.

Òótọ́ ni, orí rẹ̀ pé. Ọkàn rẹ̀ ni kò dára.

Òun ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ n kò rántí pé ẹnikẹ́ni dìbò yàn án. Ohun tó sọ ọ́ di olórí ni pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí nǹkan bá ti bà jẹ́. Sururat wà ní Wylie, ìyàwó ọmọ ìjọ kan ni. Àwọn kan fẹ́ fún un lórúkọ tuntun nígbà tó wọ ìjọ. Màmá ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, orúkọ tí Ọlọ́run ti fi mọ̀ ọ́n láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí oyún bà jẹ́ lára Sururat, Màmá kó àwọn obìnrin lọ bá a. Wọ́n jókòó yí i ká. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àlejò kan wà níbẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì míì, tó ti tú gèlè, tó ti fi gbàjá, tó ń retí àdúrà gbígbóná. Ó retí títí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló sọ sí Màmá létí, "ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ àdúrà?"

"A ti parí," ni Màmá wí. "Ẹ bá wa fọ àwo."

Sururat rẹ́rìn-ín. Àtìgbà tó ti kúrò ní ọsibítù, kò tíì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ló tó wá rí ẹkún sun.

Àwọn Mẹnonáìtì tún máa ń ṣe kúbùsù fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, Màmá bá ní kí wọ́n kó aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó wá. Wọ́n gé wọn ní igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n rán wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ kí wọ́n tú àpò ara wọn kúrò. Ìyá òyìnbó kan fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé kúbùsù kì í ní àpò.

"Ẹni tó sá kúrò nílé tòun ti òtútù," ni Màmá wí, "ibo lẹ fẹ́ kó ki ọwọ́ bọ̀?"

Títí dòní ni kúbùsù Arlington ń ní àpò.

Nígbà tó di ìgbà òtútù tó kọjá, ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Bí Dérìntọ́ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, nínú abọ́ ọjọ́ ìwẹsẹ̀ yẹn gan-an tí Màmá ti fún un pé kó máa tọ́jú. Màmá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò.

"Màá jẹ́ kí o wẹ̀ ẹ́," ló wí, "bí ìwọ náà bá jẹ́ kí n wẹ tìẹ."

"Màmá, ẹ ò lè kúnlẹ̀."

"Gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo lè jókòó wẹ̀ ẹ́."

"Kí ẹ̀yin wẹ ẹsẹ̀ mi? Èèwọ̀ ni, mà."

"Ẹsẹ̀ kan péré."

"Màmá."

"Ó dáa, ọmọ ìka kan. Èyí tó kéré jù."

Dérìntọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà.

"Kí ni mò ń pè ọ́?" ni Màmá bi í.

"Ẹsẹ̀ yín, mà."

"Ṣé èèyàn máa ń bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó wẹ̀ ẹ́ ni?"

Dérìntọ́ ní, "Tí ara yín bá ti yá, mà. Tí ara yín bá ti yá, màá jókòó fún yín."

Màmá ní, "Ìwọ lo máa gba ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ mi. Èmi máa ń sá fún ìjókòó, o sì rí i bí mo ṣe wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé mi. Ẹni tí kò lè jókòó kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin á máa bẹ̀rù rẹ̀ ni, wọn ò ní lè sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún un." Ó wá na ẹsẹ̀ wíwú náà sínú omi. Ó ní kí Dérìntọ́ má ṣe ta omi sórí kúbùsù òun.

Ara Màmá kò yá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kú, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò kúbùsù. Sharon ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dérìntọ́ kò gbé fóònù mọ́. Ọmọ ìka kan ni Màmá bẹ̀ ẹ́ fún, kò fún un. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sí i láyà. Bó bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń wo àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ẹgbẹ́ obìnrin kò pàdé mọ́. Kálukú wà nílé rẹ̀ ní Wylie, ní Mansfield, ìgbà tó yá wọn ò pe ara wọn mọ́. Sururat fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù pé, "Sistá mi, a ti ń tú ká o." Dérìntọ́ gbọ́ ọ, kò pè é padà.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde tún dé. Dérìntọ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí wíwẹ ẹsẹ̀. Abọ́ ló fẹ́ dá padà. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì tú okùn bàtà rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà ka orí tábìlì níwájú Sururat.

"Mi ò lè ṣe olórí ẹgbẹ́ yìí," ló wí. "Màmá ní ẹni tí kò lè jókòó kò lè ṣe é, èmi ò sì jókòó. Ẹ wá ẹlòmíì."

Ẹkún gbà á lójú ẹsẹ̀. Sururat fa àga sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣubú. Kò tíì mọ̀ pé òun ti wà lórí àga tí Ìyá Gbéminíyì fi gbé abọ́ náà, tó bu omi sí i. Ó rọra rìn wá síwájú rẹ̀. Ó di apá àga mú, ó kúnlẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì.

Dérìntọ́ fẹ́ fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tó ìyá tó bí mi lọ́mọ."

"Jókòó," ni Ìyá Gbéminíyì wí. "Kò kàn ọ́. Kó tó kú, ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun wẹ ẹsẹ̀ òun."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ìdákẹ́ tí Màmá kọ́ wọn ni, tí èèyàn kò ní mọ̀ bóyá àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ó ti parí. Dérìntọ́ wo orí ìyá náà tó funfun nísàlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó dìde. Ó di àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì jókòó.

Ìyá náà tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sínú omi. "Ó ní kí n fara balẹ̀ wẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ó ní ìdúró yín pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

Dérìntọ́ ń sunkún, ẹ̀rín sì ti fẹ́ mú un nínú ẹkún náà. "Mà," ló wí, "nínú ẹ̀yin àti Màmá, ta gan-an lẹ̀gbọ́n?"

Ìyá Gbéminíyì kò gbójú sókè. Ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu àárín ọmọ ìka, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù.

"Èmi ni," ló wí. "Mo jù ú lọ dáadáa. Ó yẹ kí n jókòó fún un lọ́jọ́ yẹn." Ó nu omi ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Gbé ìkejì wá."

Dérìntọ́ na ìkejì sí i.