Fàsásì Di-Kí-Ni àti Ọkọ̀ Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́ tí ẹ dárúkọ olóògbé Fàsásì, ìtàn ilé ìdáná ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín, ẹ kò sì ní tíì jókòó tán tí ẹ̀rín yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Sàlàkọ́ wolé-wolé, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, ti kìlọ̀ fún Fàsásì pé kó wá nǹkan ṣe sí ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Omi òjò ń dúró nínú rẹ̀, tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ibà sì ń ṣe àwọn ọmọ àdúgbò. Òótọ́ ni Sàlàkọ́ sọ. Ṣùgbọ́n Fàsásì kì í jẹ́ kí òótọ́ ẹlòmíràn wọ ilé òun láì kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wolé-wolé padà dé, kò rí ọkọ̀ nílẹ̀ mọ́. Ohun tó rí ni òpó mẹ́rin, nǹkan gígùn kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí òpó, àti èéfín tó ń rú lábẹ́ rẹ̀. Rọ̀kíbátù, ìyàwó Fàsásì, ló ká gúlútú síbẹ̀, tó ń yan ẹja, tó ń húkọ́.

"Bàbá, ọkọ̀ yẹn dà?"

"Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó wà lókè orí ìyá yìí ńkọ́?"

"Ilé ìdáná nìyẹn. Ó ti para dà."

"Bàbá, ọkọ̀ ni!"

Fàsásì fa àga sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, kí lo sọ fún mi níjọ́sí pé tanwíjí máa ń dà?"

"Ẹ̀fọn ni, sà."

"Ta ló fún un láṣẹ?"

Kí Sàlàkọ́ tó la ẹnu, Fàsásì ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Tanwíjí tí kò san owó orí rí, ó di ẹ̀fọn, ìjọba ò bá a wí. Èmi tí mò ń san owó orí lọ́dọọdún, ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ di ilé ìdáná?"

Wolé-wolé bínú, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè yẹ abẹ́ ilé ìdáná náà wò, ó sì fi orí gbá etí ọkọ̀ gbàà. Fìlà ìjọba já bọ́ sínú eérú. "Rọra, ọmọ mi!" ni Fàsásì ké. "Òrùlé mi lo fẹ́ fi orí fọ́ yẹn. Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, àfi Rọ̀kíbátù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ro ó. Obìnrin náà ní ilé ìdáná tó dára tẹ́lẹ̀, tó ga, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Àárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe kírun tán ni ọkọ rẹ̀ wá bá a tó ní, "Ìyá Mùnírá, mo ti kọ́ ilé ìdáná tuntun fún ọ." Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìjà ìjọba ni wọ́n fẹ́ fi òun jà.

Di-Kí-Ni ni ìlú sọ ọkùnrin náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ níwájú rẹ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, ìbéèrè kan náà ni yóò bi í: "Di kí ni?" Télọ̀ ní òun fẹ́ yí agbádá rẹ̀ àtijọ́ padà. "Di kí ni?" Ó di ṣòkòtò méjì, inú rẹ̀ sì dùn. Tìrìmísíyù, tísà ilé-ìwé tuntun, sọ fún un pé bí oòrùn bá ràn sí omi ọ̀sà, omi náà máa ń yí padà. "Di kí ni?" Tísà ní yóò gòkè, yóò di ìkùukùu, ìkùukùu yóò sì di òjò. Fàsásì ní ọmọ yẹn gbọ́n. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wolé-wolé lọ mú oòrùn, nítorí òun kọ́ ló bu omi sínú ọkọ̀.

Nígbà ìpolongo ìbò, olóṣèlú kan wá, ó gun orí tábìlì, ó nawọ́ sókè. "Ìyípadà dé! Gbogbo Ẹ̀pẹ́ máa yí padà!"

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. "Di kí ni?"

"Di ìlú ńlá, bàbá!"

"Ta ló sọ fún ọ pé ìlú kékeré ni tẹ́lẹ̀?"

Àwọn apẹja hó yèè, olóṣèlú sì wá omi mu.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dá a lóhùn tí Fàsásì kò rí èsì fún, Alfa Súbérù ni. Alfa ń ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní ó yẹ kí olúkúlùkù yí padà kí ikú tó dé. Gbogbo mọ́sáláṣí wo ọ̀dọ̀ Fàsásì. Ó yọ orí. "Di kí ni, Alfa?"

"Di ẹni tí ará ilé rẹ̀ lè sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta fún àwọn obìnrin, Rọ̀kíbátù ṣe "Àmín!" tó bẹ́ẹ̀ tí lèmọ́mù fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Fàsásì ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun alẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò parí síbẹ̀. Sàlàkọ́ ní èéfín ilé ìdáná náà léwu. Fàsásì gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó, ó da yẹ̀pẹ̀ kún un, ó gbin ata, ó ní oko ni. Òjò rọ̀, yẹ̀pẹ̀ di ẹrẹ̀, ẹ̀fọn padà dé. Ni àṣẹ bá jáde: tó bá di Ọjọ́bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yóò wá sun ọkọ̀ náà.

Inú Rọ̀kíbátù dùn, kò purọ́. Ó gbé àáké jáde. "Bàbá Mùnírá, dípò kí wọ́n sun ún lásán, ẹ jẹ́ kí n là á, kí n fi yan ẹja."

Fàsásì jókòó sí etí ọkọ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. "Ìyá mi ń bọ̀ láti ọjà Ìkòròdú, òjò ń rọ̀, bàbá mi ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàrin ọ̀sà. Kò sí ilé tí mo lè nawọ́ sí pé ibẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sun ún, níbo ni wọ́n bí mi sí?"

"Ẹ ti pààrọ̀ gbogbo pákó rẹ̀ tán. Kí ló kù nínú èyí tí wọ́n bí yín sí?"

"Eyín tí o kọ́kọ́ hù dà? Gbogbo rẹ̀ ti yọ. Ṣé o kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ mọ́ ni?"

Ó ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, Rọ̀kíbátù ò sì rí omijé ọkùnrin náà rí. Àánú rẹ̀ ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì dé bí ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́. Ó ju àáké sílẹ̀, ó lọ wá igbá tí wọn yóò fi máa gbọ́n omi.

Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti kó ẹrẹ̀ inú ọkọ̀ dànù, ọkọ̀ sì ti wà lórí ọ̀sà, ó dojú kọ Ìkòròdú, ibi tí ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé wà. Ìró Rọ̀kíbátù ni wọ́n fi ṣe ìgbòkun. Fàsásì ń wa ọkọ̀, ó ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́n omi, ó ń ṣépè. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté, Fàsásì ránṣẹ́ pe Adélàjà, ọ̀gá gbogbo wolé-wolé, èrò ọjà sì tẹ̀lé e wá wòran.

"Ọ̀gá, ẹ ní ọkọ̀ yìí ti di pàǹtí. Pàǹtí wo ló ń gbé èèyàn méjì wá láti Ẹ̀pẹ́?"

Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Rọ̀kíbátù ti fò bọ́ sílẹ̀. Omi dé orúnkún Fàsásì, ó dé ìdí rẹ̀.

"Bàbá Mùnírá, ẹ jáde!"

"Ọ̀gá ò tíì dáhùn!" Omi dé àyà rẹ̀. "Ẹ ní ó ń gba omi sínú. Ó dáa, omi ló gbà á sínú báyìí. Ẹ wá tanwíjí níbẹ̀ kí n rí i!"

Adélàjà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi èbúté mú. "Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sílé. Ẹ ṣáà dojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Àwọn apẹja ló bá wọn fà á jáde, tí wọ́n sì so ó mọ́ ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n fà á padà sí Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà náà, orí ọkọ̀ tó dojú délẹ̀ yẹn ni Fàsásì máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, a máa sún sí apá kan kí Rọ̀kíbátù lè ráyè. Obìnrin náà sọ fún Alfa pé àdúrà ọjọ́ sí ti gbà díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ òjò ni Fàsásì kú, kò ṣàìsàn púpọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, wọ́n sì nílò pákó tí wọn yóò tò bo òkú kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀. Òjò ò jẹ́ kí wọ́n rí pákó rà. Alfa Súbérù ń wo ojú ọ̀run.

Rọ̀kíbátù wọlé, ó gbé àáké jáde, ó fi lé àwọn ọkùnrin lọ́wọ́. "Ẹ la ọkọ̀ yẹn."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ là á. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ la àáké mọ́ ọn, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n ń kó pákó náà jáde nígbà tí Sàlàkọ́ wolé-wolé dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òjò ti pa á. Ó wo òpó mẹ́rin àtijọ́. Ó wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó wo pákó lórí àwọn ènìyàn. Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ìyá, ó tún ti para dà."

Ṣe ni gbogbo wọn bojú wẹ̀yìn, bí ẹni ń retí ohùn kan láti ibẹ̀. Kò sí ohùn kankan. Rọ̀kíbátù ló bá ọkọ rẹ̀ bi í: "Di kí ni, wolé-wolé?"

Sàlàkọ́ mi orí.

"Òrùlé rẹ̀ ni," ni obìnrin náà wí, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá wa gbé e. Kí ẹ sì rọra, ẹ má fi orí gbá a mọ́."

Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí pákó kan lé èjìká, ó sì tẹ̀lé wọn lọ.