Ọmọ Ilé Wo?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń bínú, kó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́jọ́ tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìjọba Áténì ayé àtijọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ́ ìtàn àti ètò ìjọba nílé ìwé aládàáni kan ní Sabon Gari, ní Kánò, níbi tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ti máa ń bá mi du ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ràn Áténì gan-an. Ìlú tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń pé jọ sórí òkè, tí wọ́n ń nawọ́ sókè láti fi ṣòfin, tí ẹni tó ń ran bàtà àti ọlọ́rọ̀ jọ ní ohùn kan náà, ta ni kò ní fẹ́ràn rẹ̀? Obìnrin ò sí lórí òkè náà, ẹrú ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń sáré kọjá ibẹ̀ nígbà náà.

Ní táámù tó kọjá, mo ń ṣàlàyé bí àwọn ará Áténì ṣe máa ń lé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ti ń pọ̀ jù kúrò nílùú. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sára àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò lásán, wọn a kó wọn jọ kà; bí wọ́n bá pọ̀ tó, ọ̀gbẹ́ni á di ẹrù rẹ̀, ó di ọdún mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ju ọ̀rọ̀ "àpáàdì" sí i nítorí pé ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í sọ ọ́ wá nawọ́ sókè.

"Àńtí, so dem vote, den dem send am go hell?"

Ọ̀run àpáàdì nìkan ni àpáàdì tó mọ̀. Wọ́n ti fi kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n abọ́ ike ni wọ́n fi ń jẹun nílé wọn, ibo ni yóò ti rí àfọ́kù ìkòkò? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ibi tó kàn nínú ẹ̀kọ́ yẹn ni ti àwọn àlejò. Ní Áténì, èèyàn lè bá wọn gbé títí, kó máa ṣòwò, kó máa san owó orí, kó bá wọn jagun, kó bímọ síbẹ̀, kí ọmọ náà tún bímọ. Àlejò ni gbogbo wọn. Wọn ò gbọ́dọ̀ dìbò, wọn ò gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ọmọ onílùú kan tí yóò dúró fún wọn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, ọwọ́ mi dúró. Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ wá sí Kánò. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí ni wọ́n bí èmi náà sí, Haúsá mi sì dán ju Yorùbá mi lọ. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba sì wà nínú báàgì mi lórí tábìlì, tí ibì kan ṣófo nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ni, nílé ìwé ìjọba àpapọ̀. Mo ti ṣe ìdánwò wọn, mo ti yege, ó ku ìwé kan ṣoṣo: ìwé ẹ̀rí pé ọmọ onílùú ibì kan ni mí, tí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Ọjọ́ orí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bí èyí bá bọ́, kò tún sí òmíràn. Níbi tí mo wà yìí, ọ̀gá wa lè jí láàárọ̀ kó ní kí n má wá mọ́, kò sì sẹ́ni tí n óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Kánò, òmùgọ̀ èmi. Mo fi Haúsá kí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ títí inú rẹ̀ fi dùn. Ó fún mi ní àga, ó wo orúkọ mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Malama, ke 'yar Kano ce, amma ba 'yar asali ba." Ọmọ Kánò ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí abọ́ àti ike tó ń tà ní ọjà Singer, ní kò sí wàhálà. "Haba, lọ sílé jàre. Wọ́n á ṣe é fún ẹ kíá."

Ní Sabon Gari, bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sílé, kì í ṣe yàrá tó ti jí láàárọ̀ ló ń sọ. Ìlú tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ló ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti dé ìlú náà rí láyé mi, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sì wà nígbà àkọ́kọ́.

Mo wọkọ̀, mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí ríro. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ ilé wo ni ẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ ná, mo sì dáhùn ní kíkún bí tíṣà. "Ilé alájà kan ni, mà. Ẹ̀yìn ọjà ló wà, géètì rẹ̀ aláwọ̀ ewé."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Agbo ilé ni wọ́n ń bi mí, ìdílé tí mo ti ṣẹ̀ wá, èmi ń júwe géètì. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ wo ọmọ Gàm̀bàrí." Ojú tì mí, inú sì bí mi, kò sì sí èyí tí mo lè fi hàn nínú méjèèjì.

Obìnrin náà ṣàánú mi. "Má bínú, ọmọ mi. Lọ bá baálé agbo ilé yín. Bí wọ́n bá ní àwọn mọ̀ ẹ́, kí wọ́n fọwọ́ síbí."

Orí ọ̀kadà tó gbé mi lọ ni ẹ̀kọ́ mi ti yé èmi fúnra mi. Ní Áténì, àdúgbò tí wọ́n kọ orúkọ baba ńlá rẹ sí ni tìrẹ, ìbáà jẹ́ pé ibòmíràn lo ti lo gbogbo ayé rẹ. Bí ọmọkùnrin wọn bá pé ọdún méjìdínlógún, àwọn ará àdúgbò yẹn ni yóò pé jọ, wọn a wò ó láti òkè délẹ̀, wọn a sì dìbò bóyá ọmọ àwọn ni tàbí kì í ṣe ọmọ àwọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó bí ẹni kọ iye òjò tó rọ̀. Róòmù tilẹ̀ sàn. Ìkà ni wọ́n, kò sírọ́ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀ bí òfin ti wí lè di ará Róòmù, nígbà tó sì yá, wọ́n sọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú nínú ilẹ̀ ọba wọn di ọmọ onílùú. Àwa mú orúkọ sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́ Róòmù, a fi í sára pátákó mọ́tò. Ìgbà tó wá kan ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ta ni, Áténì la lọ bá.

Àgbàlagbà mẹ́rin ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, baálé wà láàárín wọn. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ronú, ọ̀kan wá rántí: "Èyí tó wọ rélùwéè lọ sí Òkè Ọya." Inú mi dùn. Wọ́n mọ̀ wá.

"Níbo lẹ sin ín sí?" ni baálé bi mí.

"Kánò ni, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà. Kánò náà ni."

Ó mi orí. Kò bínú rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fún mi. "Ọmọ mi, a ò lé ẹ. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bàbá rẹ kò wá síbi òkú kankan, ẹ ò sì ní sàréè kan nílẹ̀ yìí. Kí la fẹ́ nàka sí pé tiwa ni yín?" Ó gbé bírò, ó tún gbé e kalẹ̀. "Tí ọlọ́jọ́ bá dé bá bàbá rẹ, ṣé ẹ ó gbé e wálé?"

Ààyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá mi ní ìtẹ́ òkú àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní Kánò. Bàbá mi ló ní i. Ó ti to búlọ́ọ̀kù yí i ká, ó ń ro ó ní gbogbo Sátidé, yàrá òun ló ń pè é. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí, àgbàlagbà mẹ́rin sì ń wo ẹnu mi.

"A ó gbé wọn wá, sà."

"Fọwọ́ kan ilẹ̀."

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mo sọ fún ara mi pé yẹ̀pẹ̀ lásán ni. Síbẹ̀, orí ìka kan ṣoṣo ni mo fi kàn án, torí pé kò sí Yorùbá, ti Kánò tàbí ti ibòmíràn, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó bá dalẹ̀. Baálé fọwọ́ síwèé.

Bàbá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. "Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, Bàbá."

"Kai! Èèyàn gidi ni wọ́n."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, bàbá mi ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí n bá òun dé ìtẹ́ òkú. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ọ̀pá nàka, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ro ó: ẹ̀gbẹ́ ti ìyá mi ná, lẹ́yìn náà tòun, kí n má jẹ́ kí koríko fi ààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ní kí n wò ó dáadáa, torí èmi ni n óò máa ṣe é bí òun bá ti wọlé síbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń ro ó lọ.